Ọkọ̀ Aláwọ̀ Aró Tó Kọ̀ Láti Rìn Tààrà

Òógùn àtẹ́lẹwọ́ ni mo máa ń kọ́kọ́ rántí bí mo bá ronú kan ọdún yẹn: òógùn tútù tó máa ń lẹ̀ mọ́ awọ ìtọ́kọ̀ kékeré kan báyìí, tí kò tóbi ju àwo ìjẹun ọmọdé lọ, èyí tí ọmọkùnrin mi fi rọ́pò èyí tó bá ọkọ̀ náà wá láti ilé iṣẹ́. Bí mo bá ti kúrò ní Ashanti New Town, àdúgbò wa ní Kumasi, tí mo dé ojú ọ̀nà ńlá tó lọ sí Ejisu, tí mo sì tẹná díẹ̀ sí i, ọwọ́ mi á bẹ̀rẹ̀ sí í làágùn. Ìdí ni pé láti ibẹ̀ lọ, èmi àti ọkọ̀ kì í fohùn ṣọ̀kan mọ́ lórí ibi tí a ń lọ.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ ṣàlàyé ohun tí mo ń sọ, nítorí àwọn ènìyàn máa ń da ọ̀rọ̀ yìí pọ̀. Ọkọ̀ tó ń gbọ̀n kọ́. Bí ọkọ̀ bá ń gbọ̀n, ọwọ́ awakọ̀ yóò máa bá a gbọ̀n, ẹni tó jókòó tì í náà yóò sì mọ̀ ọ́n lára. Kì í sì í ṣe ọkọ̀ tó ń fà sápá kan, nítorí ibì kan náà ni èyíinì máa ń fà sí ní gbogbo ìgbà, ènìyàn sì lè mọ bí yóò ṣe kò ó lójú. Èyí tèmi ń rìn gbéregbère ni. Yóò yà díẹ̀ sọ́tùn-ún láìsí ẹni tó yí i. Bí mo bá dá a padà, yóò kọjá àárín lọ sósì. Bí mo bá tún dá a padà, yóò dúró ṣinṣin fún ìwọ̀n ìgbà tí ènìyàn fi lè ka Bàbá Wa Tí Ń Bẹ Lọ́run dé ìdajì, lẹ́yìn náà yóò tún yà. Ó dà bí ìgbà tí a bá fa ọmọ tí kò fẹ́ lọ sílé ìwé lọ́wọ́.

Ọkọ̀ náà kì í ṣe irú èyí tó yẹ olùkọ́ tó ti fẹ̀yìn tì, mo sì fẹ́ kí òǹkàwé mọ̀ pé èmi náà mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ọmọkùnrin mi àgbà ló ni ín. Nígbà tó ń kọ́ ìmọ̀ ẹ̀rọ ní yunifásítì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ Ayigya, ó ra òkú ọkọ̀ kan, ó sì jí i dìde. Ó yọ ẹ́ńjìnnì rẹ̀, ó fi èyí tó lágbára jù ú lọ sí i. Ó fi sípíríǹgì kúkúrú rọ́pò èyí tó wà níbẹ̀ kí ọkọ̀ lè sún mọ́ ilẹ̀, ó wá táyà tó fẹ̀ bí ẹsẹ̀ erin sí i, ó sì kùn ún ní àwọ̀ aró. Bí ẹ bá ṣíná sí i, ìró rẹ̀ á dà bíi pé kìnnìún kan ń fi omi yọ ẹnu. Nígbà tí iṣẹ́ gbé ọmọ náà lọ sí Kánádà, ó fi kọ́kọ́rọ́ lé mi lọ́wọ́, ó ní kí n máa wà á kí ó má baà kú lẹ́ẹ̀kejì. Mo sọ fún gbogbo ènìyàn pé ẹrù ni ó gbé kà mí lórí. Irọ́ ni. Èmi tí mo ti fi gbogbo ọjọ́ iṣẹ́ mi wọ ọkọ̀ èrò, tí mo máa ń há sí àárín àwọn obìnrin alápẹ̀rẹ̀ tòmátò, inú mi dùn dé àtẹ́lẹsẹ̀. Ní ọjọ́ ìsinmi àkọ́kọ́, mo gbé e sí abẹ́ fèrèsé ṣọ́ọ̀ṣì tí àwọn àgbà ìjọ máa ń jókòó sí, mo sì pẹ́ kí n tó pa á.

Ohun kan wà tó yẹ kí n sọ níbí, nítorí yóò wúlò níwájú. Nígbà tí mo fẹ̀yìn tì, ilé ìwé tí mo ti kọ́ni ní ìmọ̀ físíìsì ń palẹ̀ yàrá ìdánwò mọ́, wọ́n sì fẹ́ da àwọn ohun àtijọ́ nù. Mo bẹ̀ wọ́n, mo kó wọn: ìwé, òṣùwọ̀n onírin, ọ̀pá irin tí a máa ń fi gbé nǹkan kọ́, dígí, bátìrì. Páálí márùn-ún ni wọ́n kún. Ní ọjọ́ Sátidé, mo máa ń lọ kọ́ àwọn ọmọ lẹ́kọ̀ọ́ ọ̀fẹ́, lówùúrọ̀ ní Krofrom, lọ́sàn-án ní Ayigya. Búùtù ọkọ̀ aláwọ̀ aró yẹn wá di yàrá ìdánwò mi. Láti ìgbà náà ni páálí márùn-ún yẹn ti ń gbé ibẹ̀.

Ọjọ́ tí ọ̀rọ̀ bẹ́ jáde, ọ̀nà Ejisu ni èmi àti ìyàwó mi ti ń bọ̀ láti ibi ìsìnkú ìyá ọ̀rẹ́ rẹ̀. Ọkọ̀ agbégi ńlá kan ń bọ̀ níwájú wa. Bí ó ṣe kù díẹ̀ kí a pàdé, ọkọ̀ mi ṣí ẹsẹ̀ sí ọ̀dọ̀ rẹ̀ bí ẹni tó fẹ́ kí i. Mo fà á padà, ó yà kọjá ojú títì, táyà wa gbá ilẹ̀ pupa, agbégi fun fèrè kọjá. Ìyàwó mi ní sùúrù títí a fi délé. Ó bọ́ bàtà, ó mu omi, ó jókòó. Nígbà náà ló sọ ọ́, ní ohùn jẹ́jẹ́ tó fi ń bá àwọn oníbàárà rẹ̀ sọ̀rọ̀ nídìí aṣọ tó ń tà, bí ó bá ti pinnu pé òun kò ní dín in mọ́.

“Bàbá wọn, kò sí nǹkan tó ṣe ọkọ̀ yẹn. Ọwọ́ yín ló ti ń rẹ̀.”

Mo ní ọkọ̀ ló ń rìn gbéregbère. Ó ní ọkọ̀ kì í rìn fúnra rẹ̀. Ó pe ọmọ wa ní Kánádà níṣojú mi, ó sì fi fóònù sí ibi tí mo ti lè gbọ́. Ọmọ náà fara balẹ̀ gbọ́ gbogbo rẹ̀.

Ó ní, “Dádì, mo fi ọwọ́ ara mi ṣe ọkọ̀ yẹn ni. Bíi rúlà ló ṣe ń rìn.”

Mo ní, “Ìgbà wo lo rí rúlà tó ń rìn?”

“Dádì, ẹ má bínú. Ẹ ti ṣiṣẹ́ tó. Ó tó àkókò kí ẹ sinmi.”

Kò sí ọ̀rọ̀ tí mo kórìíra tó “sinmi”. Àwọn méjèèjì ló fẹnu kò, wọ́n kàn sọ fún mi ni. Ọmọ náà ń bọ̀ wálé fún Àjíǹde. Bí àwọn fítà, bí a ṣe ń pe àwọn tó ń tún ọkọ̀ ṣe níbí, bá rí àìsàn lára ọkọ̀ kí ó tó dé, ọ̀rọ̀ tán. Bí wọn kò bá rí i, èmi yóò fi kọ́kọ́rọ́ sílẹ̀, n kò sì ní wa ọkọ̀ kankan mọ́, tiwa tàbí ti ẹlòmíràn. Ìyàwó mi ní títí di ìgbà náà, òun kò ní jókòó nínú rẹ̀. Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ló kù.

Kì í ṣe ọ̀rọ̀ ọkọ̀ lásán ló ká mi lára. Ẹni tí wọ́n bá gba kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ lónìí, lọ́la wọn yóò máa bá a sọ̀rọ̀ sókè bí ẹni tí etí rẹ̀ di, ní ọ̀túnla wọn yóò máa gé ẹran fún un nínú àwo. Mo ti rí i lára àwọn ẹlẹgbẹ́ mi. Ìyàwó mi bẹ̀rẹ̀ sí í wo ọwọ́ mi bí mo bá ń da tíì sínú ife. Nítorí pé ó ń wò ó, ọwọ́ náà bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n, tíì sì ń dà sórí tábìlì, òun a sì nù ún. Nínù tó ń nù ún yẹn dùn mí ju èébú lọ.

Mo ra ìwé àkọsílẹ̀ tuntun. Mo fi rúlà fa ìlà sí i: ọjọ́, ọ̀nà, eré, afẹ́fẹ́ táyà, òjò tàbí ọ̀dá, ìhà tó kọ́kọ́ yà sí. Mo ti fi ọdún tó lé ní ọgbọ̀n kọ́ àwọn ọmọ pé ẹni tó bá fẹ́ mọ ìdí ohun kan gbọ́dọ̀ kọ gbogbo ohun tó yí i ká sílẹ̀, kó má sì yí ju ẹyọ kan padà lẹ́ẹ̀kan. Ìwé yẹn ṣì wà lọ́dọ̀ mi. Ó mọ́ tónítóní. Bí ọmọ kíláàsì mi kan bá gbé irú rẹ̀ wá, máàkì mẹ́rin nínú mẹ́wàá ni ǹ bá fún un, ìdí rẹ̀ á sì hàn láìpẹ́.

Kí n tó gbé ọkọ̀ lọ sí Sùáàmè, níbi tí àwọn fítà pọ̀ sí, mo ṣe ohun tí ìyá mi kọ́ mi. Ará Ògbómọ̀ṣọ́ ni ìyá mi, àwo alámọ̀ funfun ló ń tà ní ọjà Kumasi títí ó fi darúgbó. Bí ọ̀kankan nínú wa bá ń ṣàìsàn, kò ní gbé e lọ sí ọsibítù bẹ́ẹ̀. Yóò kọ́kọ́ wẹ̀ ẹ́, yóò fi òrí pa á lára, yóò gé èékánná rẹ̀, yóò sì wọ aṣọ ọjọ́ ìsinmi fún un, ibà ì báà máa jó o bí iná. Ó máa ń ní dókítà kì í ṣe ẹrú wa, a kì í sì í gbé ẹlẹ́gbin fún ẹni tó fẹ́ ṣe wá lóore. Ẹ̀kọ́ náà wọ̀ mí lára. Bí mo bá fẹ́ gbé ọkọ̀ lọ bá fítà, mo máa ń fi ọjọ́ kan ṣáájú fọ̀ ọ́ nínú àti lóde. Mo máa ń kó àwọn páálí mi sí pálọ̀, agbòjò, bàtà òjò, gbogbo rẹ̀. Bí ọkọ ìyàwó ni ọkọ̀ yẹn ṣe máa ń dé Sùáàmè.

Fítà tí mo kọ́kọ́ lọ bá jẹ́ ará Asante, ó sanra, ó sì mọṣẹ́. Ó gbé iwájú ọkọ̀ sókè, ó mi àwọn ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì bí ẹni mi igi ọsàn. Kò sí ohun tó já. Ó gbé e jáde sójú ọ̀nà ńlá, mo jókòó tì í. Ọkọ̀ náà rìn tààrà bí ẹni ń lọ gba oúnjẹ Olúwa. Mo ní kí ó sáré sí i, ó sáré sí i. Ó fọwọ́ sílẹ̀ pátápátá, ó ká apá méjèèjì mọ́ àyà, ọkọ̀ ń lọ ní tirẹ̀. Mo wo ọkọ̀ náà bí ènìyàn ṣe ń wo ọmọ tó ti ń ké láti àárọ̀, tó wá ń rẹ́rìn-ín nígbà tí àlejò dé.

Fítà ní, “Tíṣà, ó dára. Bóyá ẹ máa ń di sítíárìn mú jù. Ẹ dì í mú bí ẹ ṣe ń di òròmọdìẹ mú.”

Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Mo délé, mo kó páálí mi padà sí búùtù, ní ọjọ́ Sátidé mo lọ sí Ayigya, mo di ìtọ́kọ̀ mú bí òròmọdìẹ, òròmọdìẹ náà sì fẹ́ pa mí lẹ́bàá ibi tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ti ń ra ẹ̀wà.

Mo padà lọ. Mo fọ̀ ọ́, mo kó ẹrù sílẹ̀, mo padà lọ. Ó rìn tààrà. Nítorí mo takú, fítà pààrọ̀ táìrọ́ọ̀dù méjèèjì níwájú, irin tó ń yí ẹsẹ̀ ọkọ̀, ó ní kí ọkàn mi lè balẹ̀ ni. Ọkàn mi balẹ̀ di Sátidé. Mo lọ bá fọkanáísà, mo ní kí ó dín afẹ́fẹ́ táyà kù. Lọ́jọ́ kejì mo ní kí ó fi kún un. Ní ọ̀sẹ̀ kan ṣoṣo, mo yí nǹkan mẹ́ta padà lẹ́ẹ̀kan náà, èmi tí mo máa ń fi gègé pupa sàmì sí ìwé ọmọ tó bá yí méjì. Nígbà tí mo dé ọ̀dọ̀ fítà lẹ́ẹ̀kẹta, kò tilẹ̀ gbé ọkọ̀ sókè mọ́. Ó ní kí n jókòó, ó ra omi tútù fún mi, ó sì béèrè bí ara ṣe ń ṣe mí, bóyá mo ń sùn dáadáa, bóyá mo ní ọmọ nítòsí tó lè máa wà mí kiri. Mo mọ̀ pé oore ló fẹ́ ṣe. Mo mu omi náà bí ẹni mu jogbo.

Ìyàwó mi a máa béèrè ohun tí fítà sọ, èmi a ní ó ṣì ń wò ó. Ọmọ a pè láti Kánádà, a ní Àjíǹde ti ń sún mọ́lé. Bí fítà bá ti sọ pé ọkọ̀ dára, bíi pé adájọ́ ń fi ẹ̀wọ̀n kún tèmi ni. Ohun tó bí mi nínú jù ni pé èmi náà ti ń gbà wọ́n gbọ́. Mo máa ń na ọwọ́ méjèèjì síwájú nínú balùwẹ̀, mo máa ń wò wọ́n.

Sátidé tó ṣáájú ọ̀sẹ̀ Àjíǹde, mo ń bọ̀ láti Ayigya lọ́sàn-án. Kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta tí a ń pè ní prágyà ń lọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Mi ò yíwọ́, mo lè búra. Ọkọ̀ mi yà, ó sì ká dígí ẹ̀gbẹ́ prágyà náà lọ bí ìgbà tí a já èso. Kò sí ẹni tó ṣèṣe. Mo san owó dígí náà lójú ẹsẹ̀. Mo ti múra sílẹ̀ de èébú, nítorí àwọn awakọ̀ prágyà mọ èébú bí ẹni mọ ABD. Ọkùnrin náà sọ̀kalẹ̀, ó la ẹnu, ó wo orí funfun mi, ó sì pa ẹnu dé. Ó wá béèrè lọ́wọ́ mi ní Twi, ní ohùn pẹ̀lẹ́:

“Papa, ta ló gbà yín láyè kí ẹ máa wakọ̀?”

Ká ní ó bú mi ni, ǹ bá bá a fà á. Mo jókòó sínú ọkọ̀ mi, mi ò sì lè lọ sílé lọ bá obìnrin tó ń wo ọwọ́ mi. Mo rántí Àlàájì kan ní Sùáàmè tó ń to ẹsẹ̀ ọkọ̀ gún, tí àwọn ará Ògbómọ̀ṣọ́ inú ọjà máa ń yìn. Ibẹ̀ ni mo darí sí, ní ẹsẹ̀kẹsẹ̀, bí mo ṣe wà: eruku Ayigya lára ọkọ̀, ẹfun lára ṣòkòtò mi, páálí márùn-ún nínú búùtù.

Kumasi ni wọ́n bí Àlàájì sí. Ó sọ Yorùbá bí àwọn tí wọ́n bí níbí ṣe ń sọ ọ́, Twi nínú rẹ̀, Hausa nínú rẹ̀. Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ kírun Aláàsárì tán, ó ń ká ẹní. Ó wo ọkọ̀ mi láti òkèèrè kí ó tó wo èmi gan-an.

Ó ní, “Tíṣà, káàbọ̀ o. Kí ló ṣe ọkọ̀ yín tó lóṣòó bí ewúrẹ́ tó fẹ́ tọ̀?”

Ọ̀rọ̀ náà bí mi nínú. Mo bẹ̀ ẹ́ pé kó má bínú sí ìdọ̀tí, mo sì lọ ṣí búùtù, mo gbé páálí àkọ́kọ́.

“Ẹ dúró ná. Kí lẹ fẹ́ ṣe?”

“Mo fẹ́ kó ẹrù mi sílẹ̀, kí ọkọ̀ lè ṣófo fún yín.”

“Tó, ó dáa. Nígbà tó ń dà yín láàmú lójú ọ̀nà, níbo ni ẹrù yìí wà?”

Mo ní, “Nínú búùtù ni.”

“Àwọn fítà tí ẹ ti gbé e lọ bá, ṣé wọ́n rí i?”

Mo dúró, páálí lọ́wọ́ mi. Mo ní rárá. Ó ní kí ló dé. Nítorí pé mo jẹ́ ẹni tó máa ń dáhùn ìbéèrè lẹ́sẹẹsẹ, mo sọ ti ìyá mi fún un, ti wíwẹ̀ àti òrí àti aṣọ ìsinmi. Àlàájì fi etí sílẹ̀ dáadáa. Lẹ́yìn náà ó fi ọwọ́ ti òpó, ó rẹ́rìn-ín títí fìlà rẹ̀ fi yẹ̀.

Ó ní, “Wàláì, Tíṣà, kòsẹ́, ẹ pẹ̀lẹ́. Ẹ wẹ ọmọ, ẹ sì wẹ ibà dànù kí ẹ tó dé ọ̀dọ̀ dókítà. Ẹ gbé páálí yẹn padà.”

Àlàájì kò ní kọ̀ǹpútà. Okùn ló ń lò, ó ta á láti ẹ̀yìn dé iwájú ní ìhà méjèèjì, ó sì fi irin tẹ́ẹ́rẹ́ wọn àyè tó wà láàrin okùn àti ẹsẹ̀ ọkọ̀. Kò tilẹ̀ wo iwájú lẹ́ẹ̀mejì. Ó dúró ti ẹsẹ̀ ẹ̀yìn apá òsì, ó kọrin díẹ̀ nínú ọ̀fun, ó sọ̀kalẹ̀ sínú kòtò tó wà lábẹ́ ọkọ̀, ó sì ní kí n bọ̀. Mo sọ̀kalẹ̀ pẹ̀lú ṣòkòtò kíláàsì mi. Ó tan tọ́ọ̀ṣì sí rọ́bà ńlá kan tó wà láàrin ara ọkọ̀ àti irin tó di ẹsẹ̀ ẹ̀yìn mú. Rọ́bà náà ti ya. Ẹnu ibi tó ya náà là, ó fẹ̀ tó ìka méjì, irin sì ti yẹ̀ kúrò ní àyè rẹ̀, táyà sì kọjú síta bí ẹsẹ̀ pẹ́pẹ́yẹ.

Ó pe àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ lókè pé kí wọ́n kó páálí kúrò. Bí wọ́n ṣe ń gbé wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, ẹ̀yìn ọkọ̀ ń gòkè, ẹnu ibi tó ya náà sì ń pa dé níṣojú mi, díẹ̀díẹ̀, títí ẹ kò fi ní mọ̀ pé ó ya rí. Táyà náà yí padà, ó dúró gbọọrọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ okùn. Ó ní kí wọ́n kó wọn padà. Ẹnu là. Táyà kọjú síta. Mo ní kí wọ́n jọ̀wọ́ tún un ṣe lẹ́ẹ̀kan sí i. Wọ́n tún un ṣe. Mo ní lẹ́ẹ̀kan sí i.

Àlàájì ní, “Tíṣà, ẹ̀yìn ń dun àwọn èèyàn yìí. Kíláàsì kọ́ lèyí.”

Mi ò mọ bí mo ṣe lè ṣàlàyé ìdí tí omi fi lé sí mi lójú nínú kòtò epo yẹn. Kò sí nǹkan tó ṣe ọwọ́ mi. Iwájú ni gbogbo wa ń wò, nítorí iwájú ni ọwọ́ ń dì mú. Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà ju èje lọ ni àwọn àgbà wí, èmi sì ti kọ òwe yẹn sójú pátákó fún ọmọ tó pọ̀ láìbẹ̀rẹ̀ wo ẹ̀yìn ọkọ̀ mi. Ìwé àkọsílẹ̀ mi ní ìlà fún òjò, ó ní ìlà fún afẹ́fẹ́ táyà, kò ní ìlà fún ẹrù. Ìmọ́tótó mi ni mo fi ń gbèjà ọkọ̀, tí mo fi ń dá ara mi lẹ́bi.

Nígbà tí mo pe ọmọ mi, mo sọ ohun gbogbo fún un lẹ́sẹẹsẹ.

Ó ní, “Dádì, èmi nìkan ni mo máa ń wà nínú rẹ̀ nígbà yẹn. Sípíríǹgì ẹ̀yìn yẹn rọ̀ jù fún ẹrù. Mi ò ro ti ẹrù rárá.”

Mo ní, “Kò burú. Kọ ọ́ sílẹ̀.”

Àlàájì pààrọ̀ rọ́bà ẹ̀yìn méjèèjì, ó fi sípíríǹgì tó le sí i. Ọkọ̀ náà dìde dúró, kò lóṣòó mọ́, ẹwà ọ̀dọ́ rẹ̀ sì dín kù. Nígbà tí ọmọ dé ní Àjíǹde, ó rìn yí i ká lẹ́ẹ̀mejì, ó sì dùn ún. Àwa mẹ́ta wọ̀ ọ́ lọ sí Ejisu, páálí márùn-ún nínú búùtù. Ìyàwó mi jókòó níwájú, báàgì rẹ̀ lórí itan, ọwọ́ kan lára ìlẹ̀kùn. A kọjá ibi tí agbégi ti fẹ́ kó wa lọ. Ọkọ̀ ń lọ bí ìlà tí a fi rúlà fà. Nígbà tí mo máa bojú wo ìyàwó mi, ó ti sùn, ẹnu rẹ̀ là díẹ̀, báàgì ti yọ̀ sílẹ̀. Ọmọ wa fẹ́ sọ̀rọ̀ lẹ́yìn, mo fi ìka lé ètè. Nínú gbogbo ìwé ẹ̀rí tí mo ti gbà láyé, kò sí èyí tó dùn mọ́ mi tó hanrun tí obìnrin yẹn han lọ́jọ́ náà. Kọ́kọ́rọ́ dúró lọ́wọ́ mi. Ti pé wíwẹ̀ tí mo ń wẹ ọkọ̀ kí n tó gbé e lọ ṣe àyẹ̀wò ló bo àìsàn rẹ̀ mọ́lẹ̀, mo fi ìyẹn pa mọ́ fún un, títí Àlàájì fi pàdé rẹ̀ lọ́jà tó sì sọ ọ́ tán, pẹ̀lú ti ewúrẹ́.

Ọdún ti yí lórí ọ̀rọ̀ yìí. Lọ́dún yìí, ojú mi bẹ̀rẹ̀ sí í ṣú, ìyàwó mi sì ní kí n lọ rí dókítà ojú. Ó lọ aṣọ mi, ó ní kí n sùn dáadáa, kí n lọ lówùúrọ̀ kí ojú má tíì rẹ̀ mí. Mo mọ̀ pé bí mo bá jókòó níbi tí wọ́n ti ń dúró de dókítà, tí mo sì tẹjú mọ́ pátákó lẹ́tà ibẹ̀, màá ti há a sórí kí wọ́n tó pè mí. Olùkọ́ ni mí. Mo rántí kòtò Sùáàmè. Mi ò lọ lówùúrọ̀. Láti kíláàsì ni mo ti lọ, ní ìrọ̀lẹ́, ẹfun lára mi, ojú mi ti rẹ̀, mo sì mú ọ̀pá ìtìlẹ̀ tí mo máa ń fi sílẹ̀ lẹ́yìn ìlẹ̀kùn dání. Mo kẹ́yìn sí pátákó títí ó fi kàn mí. Ohun tí mo rí nìkan ni mo kà. Dókítà ní ojú yẹn kò yẹ ẹni tó ń wakọ̀ mọ́. Mo délé, mo fi kọ́kọ́rọ́ sórí tábìlì kí ẹnikẹ́ni tó bi mí. Ọjọ́ méjì ló lò níbẹ̀, ìyàwó mi ń nu tábìlì yí i ká, kò fọwọ́ kàn án.

Prágyà ni mo ń wọ̀ lọ sí Ayigya báyìí, báàgì ìwé lórí itan. Ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, èyí tí mo wọ̀ ń yà sọ́tùn-ún, ó ń yà sósì, inú sì bẹ̀rẹ̀ sí í bí mi bí ìṣe mi. Mo fara dà á títí a fi kọjá kòtò omi àkọ́kọ́.

Mo ní, “Ọ̀rẹ́, ọkọ̀ rẹ yìí ń rìn gbéregbère. Ẹrù wo lo gbé sẹ́yìn?”

Awakọ̀ náà wò mí nínú dígí. Ó ní, “Papa, ẹ̀yin nìkan náà ni.”

Mo wo ibi tí mo jókòó sí, ní igun apá òsì pátápátá, èmi àti ìwé mi. Mo sún sí àárín àga. Ó sì rìn tààrà díẹ̀ sí i.